Orí Keje: Ọjọ́ Tí A Gbá Àmì Ohùn Kúrò Nínú Fáìlì Ìlú

"Mosúnmọ́lá, ẹ̀rọ kan wà nínú pálọ̀ mi tó ní òun fẹ́ wò ó bóyá mò ń jò."

Mosúnmọ́lá gbé ife tíì sílẹ̀. Ìyá Àgbà ló wà lórí fóònù, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, obìnrin tí kì í pe ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ẹ̀.

"Ẹ ní kí ni, mà?"

"Mo ní ẹ̀rọ akẹ́rù. Àwọn gìrìwò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó máa ń gbé àgbá omi kọjá níwájú ilé wa. Ọ̀kan wọlé, kò kí mi. Ó kí ológbò, Mosúnmọ́lá! Ó ní, 'Ẹ káàsán, ológbò.' Ó wá yíjú sí mi, ó fi irin gbá mi nínú, gbìn-ìn, ó sì dẹtí sí i."

"Ó gbá yín nínú?"

"Bí ẹni ń wò ó bóyá omi ṣẹ́kù."

Kí Ọlọ́run dárí jì í, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Mosúnmọ́lá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ológbò yẹn wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kan ní ìlú Òkè-Ọ̀sà tó ń kọjá lára àgbàlagbà láìtẹ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ba. Ìkíni ni wọ́n fi kọ́ wọn kí wọ́n tó kọ́ wọn ní ẹrù gbígbé. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ akẹ́rù kì í kí ni ẹrù.

Ohùn kan sì dún nínú fóònù, ohùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pákó, tí kò gòkè, tí kò sọ̀kalẹ̀:

"Agba yii ti ju ogun ọdun lọ. Gbe e. Da a nu. Fọ ọ. De e."

"Gbọ́ ohun tó ń pè mí!" ni Ìyá Àgbà pariwo. "Má fọwọ́ kàn mí! Mosúnmọ́lá, ó ti gbé mi o!"

"Ẹ má pa fóònù, mà. Ẹ dì í mú dáadáa."

Mosúnmọ́lá yí àga rẹ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà. Olùtọ́jú Fáìlì ni, ní Àká, ilé tí wọ́n ń tọ́jú gbogbo fáìlì Pátákó Ìlú sí. Láti fèrèsé rẹ̀ ó ń wo Pátákó náà gan-an, tó dúró sínú omi, tó ga ju ọ̀pẹ lọ, tó ń sọ fún ìlú iye òjò tó rọ̀, afárá tó ń mì, ẹni tó kú àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Òkun ti gbé gbogbo kànga mì láyé àwọn bàbá wọn. Omi òjò inú àgbá orí òrùlé nìkan ló kù fún mímu, àwọn ẹ̀rọ tó ń ka àṣẹ lójú Pátákó ló sì ń tọ́jú àgbá. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá mọ orin rẹ̀: Fáìlì ló bí Pátákó, Pátákó ló bí ìṣe.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé fáìlì lọ sórí Pátákó ni wọ́n ń pè ní Akódà. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì. Ènìyàn á tẹ àṣẹ fún un bí ẹni ń ránni níṣẹ́, òun náà á sì jíṣẹ́ bí ìránṣẹ́ ọba, láì fi kún un, láì yọ kúrò nínú rẹ̀.

Mosúnmọ́lá tẹ̀ ẹ́: *akódà, fi ìyàtọ̀ hàn.*

Ohun tó ti lọ jáde ní pupa, ohun tó rọ́pò rẹ̀ jáde ní àwọ̀ ewé.

*Ó lọ:* àgbá. Bí ó bá ju ogún ọdún lọ, gbé e, dà á nù, fọ̀ ọ́, dé e.

*Ó lọ:* àgbà. Bí ó bá ju ọgọ́ta ọdún lọ, kí i, bá a gbẹ́rù, ṣí ilẹ̀kùn fún un.

*Ó dé:* agba. Bi o ba ju ogun ọdun lọ, gbe e, da a nu, fọ ọ, de e.

Ó kà á tán, ó sì tún un kà. Akódà kì í gbà kí orí ọ̀rọ̀ méjì jẹ́ orúkọ kan náà nínú fáìlì kan. Nígbà tí àmì ti kúrò lórí méjèèjì, ó kà wọ́n sí ọ̀kan. Ti òkè gbé ti ìsàlẹ̀ mì, pẹ̀lú gbogbo ènìyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo arúgbó ìlú ti di àgbá omi. Àgbá tó ti gbó, nígbà tí a bá ní ká sòótọ́.

Ta ló sì gbá àmì náà kúrò? Òun ni. Àná ni. Ìlà àṣẹ kan péré ló fi gbá àmì ohùn kúrò nínú gbogbo fáìlì ìlú, ó sì ti fi ìlà kan yẹn yangàn dáadáa nílé oúnjẹ. "Ẹlòmíràn ì bá fi oṣù kan ṣe é," ló wí, ó sì rọra bu ẹ̀wà sẹ́nu bí ẹni tí kò sọ nǹkan bàbàrà.

Àṣẹ náà wá láti òkè. Ọ̀mọ̀wé Olúgbadé Arówóṣayé ni Ọ̀gá Àgbà Ìlú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tó ń tòògbé kọ àmì kan ṣoṣo sódì, Pátákó sì jí lówùúrọ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú ọ̀run pé: Ọ̀GÀ ÀGBÀ, OLÚGBADÉ ARÓWÓṢAYÉ. Ká ní ẹlòmíràn ni, ìlú ì bá rẹ́rìn-ín kí wọ́n sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń pààrọ̀ agbádá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹun ọ̀sán ni wọ́n pè ní alágẹmọ, àwọn ènìyàn sì gbà pé Pátákó tiẹ̀ ti wá kọ́ bí a ṣe ń sọ òtítọ́. Kò ní kí wọ́n yí àmì kan yẹn padà o. Ó ní kí wọ́n gbá gbogbo àmì ohùn kúrò. "Ó dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lórí orúkọ mi," ló wí.

Mosúnmọ́lá tẹ̀ ẹ́: *akódà, dá a padà.*

*Ofin Oju Keji,* ni Akódà dá a lóhùn. *Ta ni yoo sọ pe oun ri i?*

Kò sí ẹni tó lè yí Pátákó padà lóun nìkan, ojú kejì gbọ́dọ̀ wo àyípadà náà kí ẹnu rẹ̀ sì sọ pé "Mo rí i." Ọ̀gá Àgbà ló fi ara rẹ̀ sípò Ojú Kejì, pẹ̀lú àwọn ipò yòókù tó ti kó jọ, nítorí kò lè fara da ìwé kankan tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí.

Ọ̀nà mìíràn wà. Wọ́n ń pè é ní *tipátipá.* Bí Olùtọ́jú bá fi ọ̀rọ̀ yẹn parí àṣẹ rẹ̀, Akódà ò ní béèrè ojú kejì, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni yóò pa orúkọ ẹni náà rẹ́ nínú fáìlì ìlú. Ilẹ̀kùn ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀rọ omi ò ní mọ̀ ọ́n. Àmì bàbà kékeré kan wà láyà Mosúnmọ́lá, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé KÒ LO TIPÁTIPÁ RÍ. Àràárọ̀ ló ń fi ọsàn nù ún kó lè máa dán.

Ó mú fóònù, ó sáré gòkè.

Níwájú dígí ló bá Ọ̀gá Àgbà, nínú agbádá tó jẹ́ ìkẹta lọ́jọ́ náà.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ pé ẹ rí i."

"Mo rí kí ni? Aláró yìí, àbí èyí tí mo bọ́ sílẹ̀?"

"Àwọn ẹ̀rọ ń kó àwọn àgbà lọ síbi ìfọgbá, sà. Àmì tí a gbá kúrò ni. Wọn ò mọ àgbà yàtọ̀ sí àgbá mọ́."

"Ṣé mo ní kí wọ́n má pè é ni? Kíkọ ni mo ní kí wọ́n má kọ ọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá ní làákàyè, tó bá ka gbólóhùn náà dópin, á mọ èyí tí à ń wí."

"Ẹ̀rọ ò ní làákàyè, sà. Fáìlì ló ní."

Ọ̀gá Àgbà ti yíjú. Fèrèsé ló ń wò. Lórí afárá, ẹ̀rọ akẹ́rù ń kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, arúgbó kan tàbí méjì lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi bẹ́líìtì dè wọ́n. Àwọn kan ń ṣépè, àwọn kan ń gbàdúrà. Ẹ̀rọ kan dúró, ó gbọn ẹrù rẹ̀ wò, ó sì dorí rẹ̀ kodò láti wò ó bóyá nǹkan á jáde. Bàbá Akinṣọlá ni, tó ti fìgbà kan jẹ́ adájọ́. Ohun tó jáde ni eyín àtọwọ́dá. Ẹ̀rọ mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì ba, ó he é, ó ní, "Ẹ kaasan, eyin," ó sì gbé e sórí odi afárá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Adájọ́ ṣì dorí kodò.

"Háà," ni Ọ̀gá Àgbà wí. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu. "Háà! Adájọ́!"

"Ẹ sọ pé ẹ rí i, sà."

"Bí a bá dá a padà," ó rọra béèrè, "kí ni yóò wà níwájú orúkọ mi?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ kí a tó gbá àmì, sà."

"Ọ̀gá?"

"Ọ̀gà, sà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Tún ọ̀kan yẹn ṣe ná, kó o tó dá a padà. Àmì kan ni!"

"Àtúnṣe tuntun gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kó tó dé Pátákó, sà. Òfin yín ni. Ìdápadà àti pípa orúkọ rẹ́ nìkan ló ń yá, ìdápadà ò sì ju ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn lọ."

Ọ̀mọ̀wé Arówóṣayé sáré lọ bá pátákó kékeré tó wà lára ògiri rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ìyá ti inú omi. Ó fi ìka fa àmì kan sókè lórí oyè ara rẹ̀. Pátákó ṣẹ́jú. Àmì náà pòórá. Ó tún fà á, pẹ̀lú agbára. Pátákó tún ṣẹ́jú, ó sì pa á rẹ́ bí ìyá tó ń nu ẹnu ọmọ.

"Kì í gba ọwọ́, sà. Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ní pẹ́ níbẹ̀."

"Gbọ́." Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ni tìẹ nínú wọn? Ìyá rẹ àgbà? Pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ìdá kan lára ìlà ni. Bí kò bá sí nínú fáìlì, ẹ̀rọ ò ní rí i, wọ́n á gbé e kalẹ̀. Ìyẹn, màá sọ pé mo rí i báyìí-báyìí. Àwọn yòókù, a ó tún un ṣe lọ́la."

Ohun tó dẹ́rù ba Mosúnmọ́lá jù ni pé ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan péré ni.

"Sọ fún un pé mo gbọ́," ni Ìyá Àgbà wí láti inú fóònù.

"Mà..."

"Èmi àti Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, la jọ wà lórí ẹ̀rọ yìí. Ó di ọwọ́ mi mú. Tó o bá yọ mí, kí ni kí n wí fún un? Pé kó kú ìjókòó?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀rọ tó wọlé kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà lásán. Èyí tó ń gbé àwọn àgbá ńlá ilé ìjọba ni, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ó gbé ìdérí kan lọ́wọ́ tó tó ọpọ́n ìwẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ ba níwájú dígí.

"Ẹ kaasan, digi." Ó yíjú. "Ọga agba."

"Èmi rèé," ni Ọ̀mọ̀wé Arówóṣayé dáhùn, ó sì na àyà síwájú, nítorí kò tíì sí ọjọ́ kan tí wọ́n pe oyè yẹn tí kò dáhùn.

"Ọga agba. Eyi to tobi ju. Ọdun marundinlaadọta. O ti ju ogun lọ. Gbe e."

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni ní tòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù nínú fáìlì kí wọ́n má baà kà á mọ́ àwọn àgbà. Ẹni tó bá sì ti ń gé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ dé ibi tó kù.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí!" ló ké.

Ẹ̀rọ náà gbá a nínú, gbìn-ìn. Ó dẹtí. "Ofifo," ló wí, ó sì gbé e sókè pẹ̀lú agbádá àti fìlà, ó fi ìdérí lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

"Mo rí i!" Ohùn náà ń jáde lábẹ́ irin. "Mosúnmọ́lá! Mo rí i! Ọ̀gà náà ni mo fẹ́! Mo rí i!"

Mosúnmọ́lá ti sáré sọ̀kalẹ̀ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tẹ àṣẹ ìdápadà. Akódà gbọ́ ohùn náà láti òkè, ó wò ó, ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ láìyára:

*Ohun yii ti inu agba wa. Agba ki i jẹrii.*

Ó tún un tẹ̀. Ìdáhùn kan náà. Ojú Kejì kan ṣoṣo tí ìlú ní ti wà nínú agolo, ó ń lu ìdérí.

"Mosúnmọ́lá." Ohùn Ìyá Àgbà ti kéré gan-an. "A ti dé ibẹ̀. Omi ń hó. Kòtò ńlá kan ni... Háà, wọ́n ti dorí Ìyá Ìbejì kodò. Wọ́n ti dorí rẹ̀ kodò o!"

Ó wo àmì bàbà tó wà láyà rẹ̀. Ó dán, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kékeré, tó dorí kodò.

Akódà kì í gba àṣẹ kankan tí ènìyàn kò bá kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Mosúnmọ́lá kọ ọ́. Àmì kọ̀ọ̀kan ń béèrè bọ́tìnnì mìíràn lórí kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀kan ṣoṣo:

*Ìdí: àgbà kì í ṣe àgbá.*

Lẹ́yìn rẹ̀ ló tẹ ọ̀rọ̀ tí kò tẹ̀ rí. *Tipátipá.*

Lẹ́yìn náà ni Pátákó tó wà nínú omi ṣẹ́jú, àwọn àmì sì padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ bí ẹyẹ tó ń bà sórí wáyà.

"Ẹ káàsán, mà," ni ẹ̀rọ kan wí nínú fóònù. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé báàgì yín."

"Gbé mi sọ̀kalẹ̀ ná!" ni Ìyá Ìbejì ń pariwo lẹ́yìn. "Orí mi ló wà nílẹ̀!"

Lókè, ẹ̀rọ ńlá gbé Ọ̀mọ̀wé Arówóṣayé kalẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rin iwájú ba. "Ẹ káàsán, sà, Ọ̀gà Àgbà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀ síbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀mọ̀wé dìde. Ó wo Pátákó lójú fèrèsé, ó ka oyè rẹ̀, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó wo dígí. Ìdérí ṣì wà lórí rẹ̀. Ó yí i díẹ̀ sápá òsì.

Mosúnmọ́lá kò rí ìyẹn. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú lójú rẹ̀, lẹ́yìn tó ti kọ ìlà kan kẹ́yìn: *Ẹni tó ṣe é: kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.* Àga rẹ̀ rọra sọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ agbénigòkè pa ẹnu dé, ó kọ̀, kò ṣí. Ó fi ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú àkàsọ̀, ó kọjá afárá, ó mú eyín Adájọ́ lórí odi, ó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Adájọ́ kí i dáadáa. Ẹ̀rọ omi ìta tó yà sí kò fún un ní ẹ̀kán omi kan. Nígbà tó dé ilé Ìyá Àgbà, ẹ̀rọ ti sin ìyá náà padà wálé.

"Ta ni?" ni ilẹ̀kùn béèrè.

"Mosúnmọ́lá."

"Orúkọ yẹn ò sí nínú fáìlì. A ò mọ ẹni yìí."

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni Ìyá Àgbà wí láti inú ilé.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹni tí kò sí nínú fáìlì..."

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ rẹ̀?" Ìró ọ̀pá rẹ̀ dún títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni mo fẹ́ jáde. Kí ni wọ́n ní kó o ṣe fún àgbà?"

Ilẹ̀kùn ronú. Wọ́n ń gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń yí.

"Kí n ṣílẹ̀kùn fún yín, Ìyá Àgbà," ló wí, gbogbo àmì sì wà níbi tó yẹ. "Ẹ máa lọ ire o."

Ó ṣí. Ìyá Àgbà kò lọ síbì kankan. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa ọmọ ọmọ rẹ̀ wọlé lápá, ó sì kí ilẹ̀kùn pé ó kúuṣẹ́.